Ṣé kí a wó ṣáláńgá àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé ni, tàbí kí a sọ ọ́ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi?

Ọmọ Abẹ́ Olúmọ:

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin létí àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ti tú ìpàdé ẹbí wa ká lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbà pé nínú yín ni a ó ti rí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Bàbá wa àgbà kọ́ ilé kan sí Abẹ́òkúta, ní àdúgbò tí ènìyàn ti lè yọjú lójú fèrèsé kí ó máa wo àpáta Olúmọ. Ilẹ̀ náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 lọ, ilé sì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà: ilẹ̀kùn méjì, ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, páànù tó ti pọ́n, àti ọdún 1961 tí ẹnì kan fi ìṣó kọ sára sìmẹ́ǹtì nígbà tí kò tíì gbẹ. Kòtò rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún 1983. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ni wọ́n wá kó o lóru. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n òórùn òru ọjọ́ náà kò tíì kúrò nímú mi títí di òní. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Wọn kò kàn rántí ẹni tí yàrá rẹ̀ wà nítòsí ni.

Ènìyàn márùn-ún ni ó ń gbé ilé náà báyìí: Màmá wa tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 81, àbúrò wọn obìnrin, àti àbúrò mi ọkùnrin pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún kan. Bí ó bá di ọdún Lísàbí, tàbí bí ìnáwó bá ṣẹlẹ̀, a lè tó ọgbọ̀n. Omi ẹ̀rọ kì í wá déédéé. Kànga ni a gbẹ́kẹ̀ lé, inú àgbàlá kan náà ni kànga ọ̀hún sì wà.

Ohun tó fa àríyànjiyàn ni pé àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ kí a gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ òyìnbó lé orí ihò ṣáláńgá yìí, kí a so ó mọ́ táǹkì omi, kí kòtò àtijọ́ náà sì máa gba ohun gbogbo gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ó ní kò ní ná wa ní ohun púpọ̀. Àbúrò mi obìnrin, tí òun wà ní ilé ọkọ, ní kí a wó o pátápátá, kí a dí kòtò, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré sórí rẹ̀, kí a sì ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi sínú ilé. Màmá kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Wọ́n ní, “Inú ilé tí a ti ń jẹun ni ẹ wá fẹ́ kí a máa yàgbẹ́ sí?” Síbẹ̀, eékún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè lóṣòó dáadáa mọ́, wọ́n ní láti di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ bí mo bá rántí pé wọ́n ń dá jáde lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Èmi ni àkọ́bí, Èkó ni mo sì ń gbé. Ẹnu mi ni wọ́n ń retí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí a ṣe?


Bíríkìlà Ọmọ Ìbàdàn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹbí, ẹ̀gbọ́n. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, mo ti gbẹ́ ṣáláńgá, mo ti dí i, mo sì ti kọ́ táǹkì ìgbẹ́ tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Èrò àbúrò yín ọkùnrin ni n óò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni ó léwu jù.

Kòtò ṣáláńgá àtijọ́ kì í sábà ní ògiri nínú. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fi ń dúró. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ìwọ̀nba omi tó wà nínú wọn sì ń rì lọ láìṣe ilẹ̀ ní nǹkan. Bí ẹ bá wá ń da omi lítà 6 tàbí 9 sí i nígbàkúùgbà tí ènìyàn kan bá dìde, ẹ̀gbẹ́ kòtò yóò máa rọ̀, yóò sì máa ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú kò tó, títí di ọjọ́ tí pèpéle òkè kò ní rí ohun tí yóò jókòó lé mọ́. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ gbọ́ tí ilẹ̀ ń dún, ó sì sáré jáde láìfa ṣòkòtò sókè. A rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú ni ìbá jẹ́.

Kí ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ wo pèpéle tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Láyé ìgbà tí wọ́n kọ́ ti yín, ọ̀pọ̀ a máa tẹ́ pákó sórí kòtò, wọn a da sìmẹ́ǹtì lé e lórí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá wò ó lókè yóò rò pé kọnkéré olókùn irin ni látòkè délẹ̀. Ẹ má ṣe wọ inú kòtò láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ so dígí kékeré mọ́ orí ọ̀pá, kí ẹ tì í bọ inú ihò, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Abẹ́ pèpéle yóò hàn nínú dígí náà kedere. Ẹ tún so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ lè mọ bí àyè tó kù láàárín pèpéle àti ìgbẹ́ ti tó. Bí ó bá ti ku ìdajì mítà péré, ṣáláńgá ti kún nìyẹn. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè ṣírò iye ọdún tó kù, nítorí ènìyàn kan a máa fi nǹkan bíi lítà 40 sí 60 kún kòtò lọ́dún kan, lẹ́yìn tí omi bá ti rì tí ìyókù sì ti rà.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ tí a fi dí kòtò ìgbẹ́ kì í tètè dúró. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yóò máa rà, yóò máa dín kù, erùpẹ̀ òkè yóò sì máa bá a lọ sísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ lè gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀, yóò sì so dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìpìlẹ̀ ilé sí i.

Ní tèmi, ẹ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi sí ẹ̀gbẹ́ yàrá Màmá, kí ẹ kọ́ táǹkì oníyàrá méjì pẹ̀lú sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi táǹkì ń rì sí, síwájú ilé, kí ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ lè dé ibẹ̀ bí ó bá kún. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá dí ṣáláńgá.


Ìyá Ìbejì Òṣogbo:

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Bíríkìlà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí obìnrin tó ń fa omi náà sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe yìí gan-an ni a ṣe ní ilé ọkọ mi. Àwo funfun, táìsì tó ń dán, gbogbo wa ń yọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí púlọ́ńbà parí iṣẹ́ náà ni bàálé mi sì ní kí wọ́n kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dí ṣáláńgá, kí eku àti aáyán má bàa máa ti ibẹ̀ wọlé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, kànga lọ sílẹ̀, omi ẹ̀rọ kò wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín bí èmi àti kẹ́ẹ̀gì ṣe ṣírò rẹ̀ nígbà náà. Ènìyàn márùn-ún, kí kálukú lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, lítà 9 lẹ́ẹ̀kan: lítà 135 ni, ó ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 márùn-ún lọ lójúmọ́, kí a tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná. Bí ẹ bá wá di ọgbọ̀n lọ́jọ́ ọdún Lísàbí yín, ó ti di kẹ́ẹ̀gì 32 nìyẹn, ẹ ó sì wá sọ fún mi ẹni tí yóò fà á láàárín àwọn àlejò tó wọ aṣọ ẹbí.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò rí omi burú ju ṣáláńgá lọ, nítorí ti ṣáláńgá wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó o, ti àwo wà lójú gbangba. Ìyá ọkọ mi ń lọ sí ilé aládùúgbò pẹ̀lú ìtìjú lójú, àwọn ọmọ sì ń sá lọ sí ẹ̀yìn ààtàn. A gbẹ́ ṣáláńgá tuntun kí ọ̀gbẹlẹ̀ náà tó parí.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe olómi, ẹ ra irú àwo tí a ń fi ọwọ́ da omi sí, tí ọrùn rẹ̀ kúrú. Lítà 2 sí 3 ti tó o, omi tí a fi fọ aṣọ tàbí ewébẹ̀ sì lè ṣe é. Kí ẹ má sì fọwọ́ kan èyí tó wà nílẹ̀ títí tuntun yóò fi la ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan já.

Ní ti Màmá, ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ lójú tèmi. Ìyá ọkọ mi náà kọ̀ jálẹ̀ láti jókòó lórí àwo inú ilé. Àga onígi alápá ni bàálé mi mú lọ bá káfíńtà, ó dá ihò sí i láàárín, ó sì ń lọ wẹ́kú sórí ihò ṣáláńgá. Lóru, a ó gbé e wá sí yàrá wọn, a ó sì ti póò sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú eérú díẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ariwo eékún dópin.


Wolé-wolé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Wolé-wolé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ iṣẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ìyá ilé yóò gbọ́ pé a ti wọ àdúgbò, tí yóò sì sáré da omi inú ìkòkò rẹ̀ nù kí a má bàa bá tanwíjí níbẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣáláńgá ni gbogbo yín ń wò. Ẹnikẹ́ni kò wo kànga.

Ẹ fi téèpù wọn àyè tó wà láàárín méjèèjì. Ìlànà tí a fi kọ́ wa, tí wọ́n sì ń lò títí di òní, ni pé kí kòtò ìgbẹ́ jìnnà sí omi mímu tó mítà 30, àti pé kí ìsàlẹ̀ kòtò náà fi mítà kan àti ààbọ̀, ó kéré tán, ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, àní nígbà òjò tí omi bá wá sókè jù lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 100 tí ilẹ̀ yín gùn dé kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 30 lọ. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: níwọ̀n ìgbà tí kànga bá ti wà nínú àgbàlá yín, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ẹ lè gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ sí nínú àgbàlá kan náà tí kò ní sún mọ́ ọn jù, ìbáà jẹ́ ṣáláńgá ni ẹ pè é, ìbáà jẹ́ sókàwéè. Táǹkì tí Ọ̀gá Bíríkìlà ń sọ kì í pa kòkòrò àrùn. Ó kàn ń jẹ́ kí ohun tó wúwo rọ̀ sísàlẹ̀ ni. Omi tó kù, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ni ó ń ṣàn lọ sínú sókàwéè, ilẹ̀ ni a sì ń retí pé kí ó bá wa sẹ́ ẹ. Bí omi tí a ń dà bá ti pọ̀ tó ni ìdọ̀tí náà yóò ṣe yára dé kànga tó. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá sọ ṣáláńgá gbígbẹ di olómi, tí ẹ sì tún ń mu omi kànga náà, ẹ ti sọ ewu tó ń rákò di èyí tó ń sáré.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta sì tún ní tirẹ̀. Níbi tí iyanrìn bá ti jìn, ó máa ń sẹ́ omi bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ yín, bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ ti kan àpáta, omi tó bá sì bọ́ sínú ẹ̀là àpáta lè rin ọ̀nà jíjìn láìsí ohun tí yóò sẹ́ ẹ. Mi ò dẹ́rù bà yín lásán. Ìparí ọdún 1970 ni àrùn onígbá méjì kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà nínú àjàkálẹ̀ ti ayé òde òní, ní ọdún 2021 nìkan ó sì tún pa ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà: láti inú ìgbẹ́ sínú omi, láti inú omi sí ẹnu.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan wà nínú ilé yín. Omi kànga tó wà nítòsí ṣáláńgá sábà máa ń ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní náítréètì, tó máa ń ti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wá, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìkókó gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Sísè kò lè mú un kúrò. Ṣe ni ó tún ń ki sí i bí omi bá ṣe ń gbẹ. Ẹ má ṣe fi omi náà po oúnjẹ fún ọmọ yẹn láti òní lọ.

Nísinsìnyí, ṣáláńgá fúnra rẹ̀. Òórùn àti eṣinṣin ni ó sọ ọ́ lórúkọ burúkú, a sì ti mọ ohun tí a lè ṣe sí méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Zimbabwe báyìí, àwọn olùwádìí ṣe ṣáláńgá onípáìpù kan tó rọrùn láti ṣe. Ẹ ó ri páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11 sí 15 bọ inú kòtò, ẹ ó gbé e gba ara ògiri títí yóò fi ga ju òrùlé lọ pẹ̀lú ìdajì mítà, ẹ ó sì fi nẹ́ẹ̀tì tí kì í dípẹtà bo ẹnu rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lórí ẹnu páìpù ni yóò máa fa òórùn jáde, afẹ́fẹ́ tuntun yóò sì máa gba ihò ìjókòó wọlé rọ́pò rẹ̀. Eṣinṣin tó bá wà nísàlẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀: bí inú ṣáláńgá bá ṣókùnkùn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ orí páìpù nìkan ni yóò rí, yóò fò lọ síbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì yóò sì dá a dúró títí yóò fi kú. Nítorí ìdí èyí, ẹ má ṣe dé ihò ìjókòó pa pátápátá, ẹ má sì ṣe ṣí fèrèsé ńlá sí i. Eérú ni kí ẹ máa dà sí i, kì í ṣe karosíìnì, kì í ṣe Izal, nítorí oògùn apakòkòrò ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ náà rà.

Níwọ̀n bí kànga ti wà níbẹ̀, ohun tí n óò ṣe bí ó bá jẹ́ ilé tèmi ni pé n óò fi ṣáláńgá sílẹ̀ níta gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ohun inú rẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ àpótí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ kọnkéré tí omi kò lè gbà kọjá, kí ìdajì wà nínú ilẹ̀, kí ìdajì wà lókè. Ọ̀kan ni ẹ ó máa lò. Bí ó bá kún, ẹ ó dí i, ẹ ó bọ́ sí èkejì; lẹ́yìn ọdún méjì, ohun tó wà nínú èyí tí ẹ dí yóò ti di erùpẹ̀ tí ènìyàn lè fi ṣọ́bìrì kó. Fún ènìyàn márùn-ún, ọdún méjì kò ju lítà 600 lọ, nítorí náà àpótí tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga ti tó, ó sì ṣẹ́ kù fún àlejò.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò àtijọ́ yẹn, bó ti wù kí ó ní ìrírí tó. Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ a máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ ọ mọ́; ènìyàn a kàn ṣubú, ẹni tó bá sì bẹ́ wọlé láti gbà á là a tún ṣubú tẹ̀ lé e. Ẹ má sì sọ fìtílà tó ń jó sínú rẹ̀ bí àwọn tó ń gbẹ́ kànga ti máa ń ṣe, nítorí ó lè gbaná.


Ará Peckham:

Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn wà lẹ́yìnkùlé títí di bí àádọ́ta tàbí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ti ilé tí mo ń gbé ṣì wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ ọgbà ni a ń kó sí i. Ó rọrùn fún àwọn tó sọ tiwọn di olómi nítorí pé páìpù ìjọba ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé e lọ sí ibòmíràn. Tiyín kò ní ibòmíràn tó ń lọ, àgbàlá yín ni yóò wà. Mo gba ti Bàbá Wolé-wolé. Ẹ kàn rántí iná: gílóòbù onísólà kan lẹ́nu ilẹ̀kùn àti òmíràn lójú ọ̀nà yóò ṣe Màmá ní oore púpọ̀.


Ọmọ Abẹ́ Olúmọ:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú téèpù, okùn, àti dígí tí mo gbà lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi láìsọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún un. (Mo ti ra òmíràn fún un.)

Kànga sí ṣáláńgá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 péré, mítà 9. Àbúrò Bàbá mi tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kó o ní ọdún 1983 sọ pé kòtò náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní 4 sí 10. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, omi kànga a máa wá sókè títí yóò fi ku ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ojú ilẹ̀. Mo jókòó, mo ro ó lẹ́ẹ̀mejì: nígbà òjò, ìsàlẹ̀ ṣáláńgá wa wà nínú omi tí a ń mu. Màmá sì ti ń sọ ọ́ láti ọdún yìí wá pé omi máa ń ṣàn nínú ṣáláńgá náà nígbà òjò; àwa ni a kò fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ.

Okùn fi hàn pé ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ó ṣẹ́ kù. Bí mo bá yọ ìdajì mítà kúrò, tí mo sì ka lítà 60 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ṣì lè gbà wá fún ju ọdún mẹ́wàá lọ. Èyí ni ìbá tàn mí jẹ, bí kì í bá ṣe dígí. Pákó ni ó wà lábẹ́ pèpéle, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Bíríkìlà ti sọ, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Màmá máa ń gbé ẹsẹ̀ sí ti dúdú, mo sì rí olú tó hù lára rẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn méjèèjì lójú ẹsẹ̀, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ilé ẹ̀gbọ́n Bàbá wa tó dojú kọ wá ni wọ́n ń lò fún ìgbà díẹ̀.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kànga fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní omi kànga yẹn ni Bàbá wa mu tí wọ́n fi pé ẹni ọdún 88. N kò rí èsì fún un. Omi mímu ti ọmọ ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì fi púpọ̀ kún un. Mo ṣàkíyèsí pé ní alẹ́, àwọn náà bù nínú rẹ̀.


Bíríkìlà Ọmọ Ìbàdàn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire. Mo yí ohùn mi padà lórí sókàwéè. N kò béèrè ibi tí kànga wà, àṣìṣe mi ni. Ẹ ṣe àpótí méjì tí Bàbá sọ. Bí ìdajì bá wà nínú ilẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta tó rẹlẹ̀ ti tó, kí ẹ fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì ti ilẹ̀ mọ ibi ìjókòó ní kọnkéré kí Màmá má bàa lóṣòó mọ́. Ìdérí kọnkéré kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, kí irin wà nínú rẹ̀, kí wọ́n dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó gbé e sókè. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ kejì ti tó, ẹ má gbà.

Ní ti àtijọ́, ìta ni kí wọ́n dúró sí láti tú páànù àti pèpéle, kí ẹnikẹ́ni má dúró lórí rẹ̀. Erùpẹ̀ ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ kó o jọ gègèrè lórí nítorí yóò rì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é.


Ọmọ Abẹ́ Olúmọ:

A ti gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ṣì ń ráhùn nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní òun yóò gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fúnra òun. Màmá fọwọ́ sí i, wọ́n kàn ní kí ilẹ̀kùn tuntun má kọjú sí ilé ìdáná, kí a sì gé ibi tí a kọ 1961 sí kúrò lára ògiri kí a tó wó o, kí a mọ ọ́n mọ́ ara tuntun. Àga tí Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ káfíńtà lánàá, ó sì ti wà ní yàrá wọn.